ÒKÈ ÌDÁNRÈ: ÌRÌN TÓ YẸ ÌDÍLÉ NÍ ÀKÓKÒ ÌSINMI

Nígbàkígbà tí ilé-ìwé bá ti fẹ́ gba ìsinmi, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí máa ń bi ara wọn ní Agége níhìn-ín: "Níbo ni a ó kó àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ?" Àwọn kan a kó wọn lọ sí etí òkun. Àwọn mìíràn a fi wọ́n sílẹ̀ sídìí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọ̀pọ̀ bàbá kì í tilẹ̀ sí nílé, nítorí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà kò mọ ìsinmi ọmọ ilé-ìwé.

Ní oṣù yìí, a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà sí ìsinmi rárá. Ohun náà ni fífi ẹsẹ̀ gun òkè. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ohun tí a ń sọ ni pé Ọlọ́run fi àwọn òkè tó lẹ́wà sí ilẹ̀ Yorùbá, ìdílé lè gùn ún pọ̀, kí ara wọn le sí i, kí wọ́n sì mọ ara wọn sí i, bí wọ́n bá fi ọgbọ́n ṣe é.

ÒKÈ KÌ Í ṢE TI ÌṢÒRO NÌKAN

Láàárín àwa Kristẹni Yorùbá, bí a bá ti gbọ́ "orí òkè", àdúrà ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le ni yóò di Bíbélì àti ẹní mọ́ra, tí yóò lọ wá ojú Olúwa níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí méje. A kò bá irú ìyẹn jà. Àwọn bàbá wa ṣe é, a sì rí èso rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí wàhálà dé nìkan ni a ń gun òkè, àwọn ọmọ wa yóò rò pé ibi ẹkún nìkan ni. Àwọn mìíràn nínú wa tilẹ̀ ti ń sọ ti òkè bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló ń gbani. Sáàmù 121 kọ́ wa pé Ẹni tó dá òkè ni olùrànlọ́wọ́ wa. Bí a bá ti mọ èyí, kò sí ohun tó burú nínú pé kí a gun òkè láti wo iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀, kí a rẹ́rìn-ín, kí a jẹun, kí a sì padà sílé.

Ọ̀rọ̀ ìlera tún wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà nímọ̀ràn pé kí ó máa lo ara rẹ̀ dáadáa fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni ó ń ṣe é nínú wa? Láti ilé, a wọ kẹ̀kẹ́ dé Pẹ́ńsínẹ́mà. Láti ibẹ̀, a wọ bọ́ọ̀sì. Ní ibi iṣẹ́, a dúró sójú kan nídìí ẹ̀rọ tàbí kí a jókòó sídìí tábìlì. Bí a bá délé, ó ti rẹ̀ wá, oúnjẹ àti oorun ló kù. Lẹ́yìn náà ni a óò máa ṣe kàyéfì pé ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín wa. Ìlera lọrọ̀, ẹ̀yin ará.

ÌLÚ TÓ WÀ LÓRÍ ÀPÁTA

Òkè tí a mú wá síwájú yín lónìí ni Òkè Ìdánrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Àpáta ràgàjì ràgàjì ló yí ìlú náà ká. Ibi tí ìlú àtijọ́ wà ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà ju ojú òkun lọ.

Orí àpáta wọ̀nyí gan-an ni àwọn ará Ìdánrè gbé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ní ayé ogun àti ayé ìkónilẹ́rú, òkè ni odi wọn, nítorí ọ̀tá tó bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, wọn yóò ti rí i kí ó tó dé. Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, tí ọ̀nà mọ́tò àti òwò kòkó dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọdún 1923 ni ìtàn máa ń dárúkọ fún ìsọ̀kalẹ̀ náà. Títí di òní, Ìdánrè wà lára àwọn ìlú tí kòkó ti pọ̀ jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ìlú àtijọ́ náà kò parẹ́ lórí òkè. Ẹni tó bá gùn ún yóò rí ààfin Ọwá àtijọ́ pẹ̀lú àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́, yóò rí ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé agogo, àti ibi tí ilé-ìwé wà. Ọdún 1896 ni wọ́n sọ pé ilé-ìwé náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ rò ó wò: àwọn ọmọ ń kọ́ A, B, D lórí àpáta nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì ní ilé-ìwé kankan. Ní ọdún 2007, wọ́n fi Òkè Ìdánrè sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Nǹkan mìíràn tún wà tó yà wá lẹ́nu. Irú ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan wà tí a kò tíì rí níbòmíràn ní gbogbo ayé àfi orí àpáta Ìdánrè. Àwọn onímọ̀ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1963, lẹ́yìn náà wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi tún rí i ní 2013. Bí Ọlọ́run bá lè pa ọ̀pọ̀lọ́ kan mọ́ sórí àpáta kan ṣoṣo, yóò ha gbàgbé ìwọ tí o ń gbé ní Agége?

BÍ A TI RÌN ÍN

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwa bí ogójì, tàgbà tèwe, jáde kúrò ní Agége ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì. A gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà kọjá. A kọjá ní Ìkéjì-Arákéjì, níbi tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì, ti gbọ́ ìpè Olúwa ní 1928. A sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ nínú ọkọ̀. A sun Àkúrẹ́ mọ́jú, nítorí ẹni tó bá rò pé òun yóò ti Agége lọ, tí yóò gun òkè náà, tí yóò sì padà ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ìyà ló ń wá fún ara rẹ̀ àti fún dẹ́rẹ́bà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a dé ẹsẹ̀ òkè. A sanwó ìwọlé, wọ́n sì fún wa ní afinimọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ ibẹ̀ bí ẹni mọ ojú. Àtẹ̀gùn ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lé ní 600. Ibi ìsinmi márùn-ún ni wọ́n ṣe sí ojú ọ̀nà, kí ènìyàn lè jókòó kí ó mí.

Àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ fi ń ṣeré. Wọ́n sáré gun ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́, wọ́n ń pè wá láti òkè. Nígbà tí a fi dé ibi ìsinmi kìíní, àwọn náà ni wọ́n nà gbalaja sílẹ̀. Ìyá àgbà kan tó wà pẹ̀lú wa, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sáré rárá. Ó ń gun mẹ́wàá, ó ń dúró. Ó ń gun mẹ́wàá, ó ń dúró. Ó dé òkè tán láìsí pé ẹnikẹ́ni fà á lọ́wọ́. Àwọn àgbà kò parọ́ nígbà tí wọ́n sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Láti ibi àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, ìlú Ìdánrè hàn nísàlẹ̀ bí ohun tí a tò sórí àtẹ: páànù tuntun, páànù tó ti dípẹtà, igbó kòkó, àti àpáta dúdú tí omi òjò ti fà ní ìlà ìlà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tútù. Ẹnikẹ́ni kò ní kí a dákẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló dákẹ́.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ IBI ÌSINMI KẸTA

Ẹ̀yin ará, èyí ni a tìtorí rẹ̀ kọ̀wé yìí jù. Arákùnrin kan wà láàárín wa, ọ̀dọ́ ni, ó lágbára, ẹ̀rọ ńlá ló ń wà ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń ṣáájú wa láti ìsàlẹ̀. Ní ibi ìsinmi kẹta, ó jókòó lójijì. Òógùn tútù bò ó, ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ sì ń yí.

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. Ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀, arákùnrin yìí kò jẹ, kò sì mu omi. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé Kristẹni kì í fi oúnjẹ sínú gun òkè. Ó ń gbààwẹ̀ gbígbẹ ní ìkọ̀kọ̀.

Àwọn kan nínú wa yí i ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pariwo, wọ́n ń lé ẹ̀mí òkè jáde. Arábìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn kí atẹ́gùn lè dé ara rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sí abẹ́ òjìji, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ó sì fi aṣọ tútù lé e ní ọrùn àti abíyá. Nígbà tó rí i pé ó lè gbé nǹkan mì, ó pò ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀ sínú omi, ó ń fún un ní díẹ̀díẹ̀. A gbàdúrà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni.

Nígbà tó fi tó ààbọ̀ wákàtí, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà kò jẹ́ kí ó gun òkè síwájú mọ́. Afinimọ̀nà pe ẹnì kejì rẹ̀, òun àti ọ̀dọ́ méjì sì mú un sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nínú ìlú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì náà sọ fún wa lẹ́yìn náà kò kúrò létí wa: ó ní bí oòrùn bá ti mú un fún wákàtí kan sí i, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òkú ni a óò gbé sọ̀ kalẹ̀.

Ṣé àìnígbàgbọ́ ni kí a jẹun kí a tó gun òkè? Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Kí Èlíjà tó rìn lọ sí Hórébù, òkè Ọlọ́run, kí ni angẹli náà gbé wá fún un? Àkàrà àti omi ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì jí i pé kí ó jẹun, nítorí ọ̀nà rẹ̀ jìn. Agbára oúnjẹ yẹn ni ó fi rìn. Bí Ọlọ́run bá bọ́ wòlíì kí ó tó gun òkè, ta ni àwa tí a óò fi ebi gùn ún?

Ààwẹ̀ dára, ó sì ní àyè tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbààwẹ̀, kí ó jókòó sí ibi tó tutù, kí ó sinmi, kí ó gbàdúrà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí tó ń lo oògùn, kí ó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ààwẹ̀ gbígbẹ gun 600 àtẹ̀gùn nínú oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ́ìlì yóò nọ́ọ̀kì, bó ti wù kí ó lágbára tó. Ọlọ́run tó dá ara ló dá omi tí ara ń fẹ́.

BÀBÁ ÀTI ỌMỌ

A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìyẹn bo èyí tó dùn mọ́lẹ̀. Bàbá kan tó máa ń ṣiṣẹ́ alẹ́ mú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wá. Nílé, bí ọmọ bá ń jáde lọ sí ilé-ìwé ni bàbá ń wọlé sùn. Ní ibi ìsinmi kẹrin, níbi tí àwọn méjèèjì jókòó sí tí wọ́n ń pín ẹyọ bisikíìtì kan, ọmọ náà sọ fún un pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òun kò lọ sí lẹ́sìnnì. Ó ń jáde nílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló ń lọ, nítorí ìṣirò kò yé e mọ́, ojú sì ń tì í láti sọ.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́ fún wa. Ó ní, "Pásítọ̀, bó bá jẹ́ ilé ni, màá ti bú ramúramù. Ṣùgbọ́n èémí tí màá fi bú kò sí. Ni mo bá gbọ́ ọ dé òpin." Láti ìgbà náà, ó ń fi ọjọ́ tí kò bá sí níbi iṣẹ́ jókòó ti ọmọ rẹ̀ nídìí ìṣirò. A kò mọ iye owó tí à bá fi ra irú ìjókòó yẹn ní Agége.

ÀWỌN ÒKÈ MÌÍRÀN

Ẹni tí Ìdánrè bá jìnnà sí, Olúmọ wà ní Abẹ́òkúta. Abẹ́ àpáta náà ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, tí wọ́n sì tẹ ìlú wọn dó ní 1830. Òun kò ga púpọ̀, ó sì rọrùn fún àgbà àti ọmọdé. Láti ibùdókọ̀ Agége, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, kí ẹ sọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ sì lè lọ wo omi tó ń já bọ́ láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń fi fọ́tò ìsinmi wọn ránṣẹ́ láti erékùṣù Tenerife, tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Sípéènì. Òkè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Teide, 3,715 mítà ni gíga rẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin Ìdánrè. Òkè tí ń yọ iná ni. Ìgbà tí iná yọ kẹ́yìn lórí erékùṣù náà ni 1909, ṣùgbọ́n ní 2021, ó yọ ní La Palma, erékùṣù tó wà nítòsí rẹ̀, ó sì jó ọ̀pọ̀ ilé. Nítòsí wa níhìn-ín, Òkè Kamẹrúùnù tó wà lẹ́bàá ìlú Buea ga ju 4,000 mítà lọ, ó sì yọ iná ní 1999 àti ní 2000. Àwọn ènìyàn ṣì ń gun gbogbo wọn. Lórí irú òkè bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí orí yóò máa fọ́ni, òtútù sì ń pani.

Ìdánrè kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé àpáta rẹ̀ náà ti fìgbà kan yọ́ bí epo gbígbóná, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti tutù, tó sì dì, kí ó tó hàn síta. Iná kankan kò sí lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Oòrùn, òǹgbẹ àti ìkánjú ni ewu tiwa.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÌDÍLÉ TÓ FẸ́ LỌ

1. Ẹ lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá rọ̀, àpáta yóò máa yọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ojú ọ̀run ṣú, ẹ sọ̀kalẹ̀.

2. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù, kí oòrùn ọ̀sán tó mú. Ẹ má ṣe rìnrìn-àjò ọkọ̀ lálẹ́.

3. Ẹ jẹun kí ẹ tó gùn ún, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ àjẹkì. Kí olúkúlùkù gbé omi tirẹ̀ dání, kí àgbà gbé ó kéré tán lítà kan àbọ̀ sí méjì. Bísíkíìtì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì Agége dára púpọ̀.

4. Ẹ wọ bàtà kánfáàsì tó di ẹsẹ̀ mú. Sílípáàsì àti bàtà onígìgísẹ̀ kò dára. Ẹ̀yin arábìnrin, ohun yòówù tí ìjọ yín bá fọwọ́ sí ni kí ẹ wọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má wọ́lẹ̀, kí ó sì má di itan pinpin.

5. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni kí ó máa ṣáájú, kí ẹni tó lágbára máa tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fi ní ṣẹ́yìn.

6. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn, ikọ́ fée, tàbí tó lóyún, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó lọ. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn dúró sí ibi ìsinmi kejì.

7. Ẹ di ọwọ́ àwọn ọmọ mú. Lórí òkè, àpáta gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà tí kò sí ohun ìdìmú níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí fọ́tò mú ẹnikẹ́ni fà sẹ́yìn lọ sí etí rẹ̀.

8. Ẹ kọ́ bí a ti ń ṣe omi oníṣúgà àti iyọ̀: lítà omi mímọ́ kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, kí ṣíbí má kún kọjá etí. Ẹ má ṣe da omi sẹ́nu ẹni tó ti dákú.

9. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àwọn onílé. Orí òkè náà ni àwọn bàbá wọn sùn sí. Ẹ má kọ orúkọ yín sára àpáta tàbí ògiri ààfin, ẹ má sì da ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sílẹ̀. Kì í ṣe ìwàásù ni kí a máa bú ohun tí ẹlòmíràn ń bọ̀wọ̀ fún.

10. Kí ẹ tó gbéra, ẹ ṣe e díẹ̀díẹ̀ nílé. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní bọ́ọ̀sì ibùdó kan ṣáájú ti yín, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ gun àtẹ̀gùn afárá tí a fi ń kọjá títì dípò kí ẹ máa sáré gba àárín ọkọ̀.

Ẹ̀yin òbí, owó ọkọ̀ kò kéré, a mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdílé mẹ́wàá bá dáwó jọ láti ìsinsìnyí, díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, yóò tó kí ìsinmi mìíràn tó dé. Bí kò bá tilẹ̀ tó, Olúmọ ń bẹ nítòsí. Àwọn ọmọ wa kò ní pẹ́ dàgbà, ẹsẹ̀ àwa náà kò sì ní máa gun àtẹ̀gùn títí láé. Ẹ jẹ́ kí a rìn nígbà tí a lè rìn, kí a jẹun, kí a mu omi, kí a sì dúró de ara wa lójú ọ̀nà.

Kí Ọlọ́run tó dá òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Àmín.